Telegram fún fọ́tò àti fídíò ìdílé: ohun tójú mi rí lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá wa ní Búnú

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, kíkí ni mo kí yín yẹn o. Láti Kàbà dé Ìjùmú, dé Yàgbà, dé Búnú, títí kan Ọ̀wọ́rọ̀, ní ìpínlẹ̀ Kogí, òun la fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, òun la fi ń kí ẹni tó ti ọ̀nà dé, òun náà ni wọ́n sì sọ di orúkọ gbogbo wa pátá. Télọ̀ ni mí, Kàbà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọ̀rọ̀ áàpù ni mo fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ aṣọ ló gbé mi débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kú, wọ́n dàgbà dáadáa, wọ́n sì joyè, a wá lọ sin wọ́n sílé ní Búnú. Ẹni tó bá mọ Búnú á ti mọ ibi tí mò ń lọ: tí olóyè bá kú níbẹ̀, aṣọ ìpò ni wọ́n ń kó jáde. Aṣọ pupa ni, wọn kì í rà á lọ́jà bí a ṣe ń ra àǹkárá, inú àpótí ló ń wà nílé àwọn àgbà látọdún mọ́dún, ọmọ lè dàgbà tán kó máà tíì fojú kàn án. Ọjọ́ yẹn ni mo rí tiwa fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo sì ti lé lógójì ọdún. Mo dúró tì í gbọnin, mò ń wo bí wọ́n ṣe hun ún, àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín pupa yẹn, mò ń wo etí ẹ̀, mò ń rò ó pé ta ló jókòó ti òfì tó ṣe irú èyí. Gbogbo èèyàn ló ń ya fọ́tò. Mo ka fóònù mẹ́tàdínlógún tó wà lókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní a ti rí i ṣe, ohun tí àwọn òbí wa ò rí ṣe nígbà tiwọn, àwa máa ní fọ́tò ẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò ti ń rọ́ wọ grúùpù ìdílé wa lórí WhatsApp, ti Lọ́kọ́ja ń dúpẹ́, ti Èkó ń dúpẹ́, àwọn tó wà ní London àti Amẹ́ríkà ń sunkún lórí fóònù. Èmi náà délé lálẹ́, mo ṣí ọ̀kan níbi tí aṣọ yẹn ti hàn dáadáa, mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Pupa ni mo rí, mi ò rí òwú. Àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ti wọnú ara wọn, etí aṣọ ń ràn wọnú ògiri bí epo pupa tó ta sórí ìwé. Mo pe ọmọ àbúrò bàbá mi tó ya fọ́tò náà, mo ní jọ̀ọ́ gbé fóònù ẹ wá kí n wo ti inú ẹ̀. Ó gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ̀ ẹ́, òwú pé síbẹ̀ ṣáṣá, mo lè fi abẹ́rẹ́ tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò kan náà o. Ti inú fóònù ẹ̀ wúwo tó 4MB, èyí tó dé ọwọ́ mi ò pé 300KB.

Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́. Bí WhatsApp ṣe ṣètò ẹ̀ nìyẹn, kí fọ́tò lè tètè lọ, kó má sì jẹ dátà àwọn èèyàn tán. Tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, ó máa kọ́kọ́ dín in kù ná. Ó sì níbi tó ti ń dín in kù. Ojú èèyàn tètè ń rí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó dúdú ju àwọ̀ lọ, àwọn tó ṣe JPEG, tó jẹ́ irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ fọ́tò wa jẹ́, mọ èyí dáadáa, torí náà tí nǹkan bá máa dín kù, àwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Ó sábà máa ń kó píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò, mẹ́rin pọ̀ á wá fún gbogbo wọn ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Fídíò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lára ògiri ẹ ò ní mọ̀, lójú ọ̀run ẹ ò ní mọ̀, kódà lójú èèyàn ẹ lè má mọ̀. Àmọ́ aṣọ tí òwú pupa ti ń gba ara òwú míì kọjá, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀ á ti yọ́. Tẹ́nì kan bá wá tọ́jú èyí tó ti dín kù yẹn sórí fóònù, tó tún ti ibẹ̀ fi ránṣẹ́ sí grúùpù míì, á tún dín kù sí i.

Mo gbé ọ̀kan lára ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ fọ́tò ńlá, mo fẹ́ kí wọ́n fi ṣe férémù fún ìyàwó Bàbá. Ọmọkùnrin yẹn wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ó ní Àǹtí, tí mo bá tẹ èyí, owó yín máa ṣòfò, ẹ lọ mú ojúlówó ẹ̀ wá. Ó lè gba owó mi kó dákẹ́, kò gbà á. Ọpẹ́ rẹ̀ ò tíì tán lọ́wọ́ mi.

Ẹ má gbọ́ ọ bí ẹni pé mo ń bá WhatsApp jà o. Orí ẹ̀ ni mo ti ń gba iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, orí ẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ìyá mi, mi ò ní kúrò níbẹ̀. Látọdún 2023 ni wọ́n ti fi HD síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti mú fọ́tò tán ẹ máa rí i lókè kẹ́ ẹ tó tẹ fi ránṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó sàn gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀nà kejì ni pé kẹ́ ẹ tẹ àmì ìkówèépọ̀ yẹn, kẹ́ ẹ mú Document dípò Gallery, fáìlì yẹn á lọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, látọdún 2022 wọ́n ti jẹ́ kó gba tó 2GB lẹ́ẹ̀kan. Èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ yín ò sì mọ̀ báyìí tí mò ń kọ ọ́, torí ẹ̀ ni mo ṣe fi síbí.

Ohun tí kò jẹ́ kó tó wa ni ìtọ́jú. Àwa tá a wà nínú grúùpù yẹn lé ní ọgọ́rùn-ún. Fóònù ìdajì wa ti kún, ẹni bá wò ó tán á pa á rẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì ẹnì kan á tún dé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, ta ló ní fọ́tò ibi tí Bàbá Àgbà ti ń gbàdúrà, ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ náà á ní òun ti pa á rẹ́, ẹlòmíì á tẹ èyí tó wà lókè, ó ń yí bírí bírí, kò ṣí mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ grúùpù lẹ́yìn ìsìnkú ò rí ẹyọ kan nínú èyí tó ti kọjá. Ṣé ẹ rí i, ọ̀nà ni ibẹ̀, nǹkan ń gba ibẹ̀ kọjá. Àpótí la nílò.

Fídíò yẹn ló wá bà mí nínú jẹ́ jù. A pe ẹni tó ń ya fídíò, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, owó tó ní ká san la san. Ó kó DVD mẹ́ta fún wa. Ní ayé ìsinsìnyí, ta ló ní ẹ̀rọ DVD nílé? Nígbà tá a rí ibi tí wọ́n ti bá wa kó o sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ti fún un pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú àwọn èèyàn ò já gaara, orúkọ òun àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀ ló sì tóbi jù lọ nísàlẹ̀ ẹ̀. Mo pè é, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún wa ní èyí tó wà nínú kámẹ́rà gan-an, a máa fowó kún un. Ó ní òun ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ torí pé òun fẹ́ fi káàdì yẹn ya òde míì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré sí ìsìnkú ni o. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè tẹ máṣíìnì fún bíi wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá ń pe ẹni tó máa ya fídíò, ẹ bá a sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó pé ọjọ́ yẹn gan-an lẹ máa gba ojúlówó ẹ̀ sórí hard disk tiyín, kó máà kúrò lóde kẹ́ ẹ tó kó o.

Àbúrò mi kan tó ń kàwé ní Lọ́kọ́ja ló ní ká lọ sórí Telegram, áàpù míì tó dà bíi WhatsApp. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi pín ìwé tipẹ́. Mo ti gbọ́ orúkọ ẹ̀, ohun tí mo mọ̀ mọ́ ọn ni àwọn tó ń ní kẹ́ ẹ mú owó wá káwọn sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, torí náà mo kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó ní ẹ jẹ́ ká dán ìsìnkú Bàbá wò níbẹ̀, tí kò bá dáa ká pa á rẹ́. Oṣù méje nìyí, a ò pa á rẹ́.

Bá a ṣe ń lò ó rèé. Tẹ́ ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán lórí Telegram, òun náà ń dín in kù o, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan tàn yín. Tẹ àmì ìkówèépọ̀, mú File, wá mú fọ́tò látibẹ̀, á lọ bó ṣe wà, kò ní fọwọ́ kan ẹyọ òwú kan. Èyí ni mo kọ sókè grúùpù wa pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń gbàgbé, mo ṣì ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún èyí fi ránṣẹ́ bíi File, ẹ má bínú. Fáìlì kan lè tó 2GB láì san kọ́bọ̀, àwọn tó ń san owó Premium lè fi èyí tó tó 4GB ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó san owó kankan nínú wa.

Orí sáfà wọn, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ti ilé-iṣẹ́ wọn, ni gbogbo ẹ̀ wà. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ẹ̀ nìyí. Fóònù mi 32GB ni, ó sì ti gbó, tó bá kún mo máa lọ sí sètíǹgì Telegram, mo máa wá Storage Usage, mo máa ní kó kó gbogbo ohun tí Telegram tọ́jú sórí fóònù dànù, ẹ̀rù bà mí gan-an nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo padà sínú grúùpù, gbogbo fọ́tò wà níbẹ̀, èyí tí mo bá tẹ̀ ló ń tún wá. Ẹni tó bá wọlé lónìí, tá a bá ti ṣí ìtàn grúùpù sílẹ̀ fún ẹni tuntun, á rí gbogbo ohun tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó wo gbogbo ẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó mọ́, ó pè mí láago mẹ́fà àárọ̀, ohùn ẹ̀ ti há.

Ohun kékeré kan tún wà, tí mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń lò. Tẹ́ ẹ bá fi fídíò sórí Telegram, tẹ́ ẹ wá kọ àkókò sábẹ́ ẹ̀, bíi 14:20, àkókò yẹn á di ohun tí èèyàn lè tẹ̀, tó bá ti tẹ̀ ẹ́ fídíò á fò lọ síbẹ̀ gan-an. Nínú fídíò tí ọkọ àbúrò mi fi fóònù ya, wákàtí kan ó lé ni, mo jókòó tì í, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: 03:10 àwọn àna ń wọlé, 14:20 wọ́n gbé aṣọ jáde, 31:45 ìyá Ọ̀lẹ́ ń sun ẹkún, 52:00 ijó. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí kò lè wá torí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, wọ́n tẹ 31:45 yẹn lọ́sàn-án, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ lálẹ́. Wọ́n ní àwọn ò tíì gbọ́ irú ẹkún yẹn látìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ṣì yé wọn dáadáa. Fídíò yẹn ò dẹ̀ ní láti wọlé tán kí wọ́n tó máa wò ó, bó ṣe ń wọlé ni wọ́n ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ dátà wá o. Ká sòótọ́, ibi tó ti le nìyí fún àwa tá a wà nílé. Láti Kàbà wọ Búnú, òkè pọ̀, ibòmíì wà tó jẹ́ pé ẹ máa gun orí àpáta kí fóònù tó gbé igi méjì. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń gbé megabit kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fídíò 700MB máa gbà tó wákàtí kan ààbọ̀ kó tó gòkè tán, tí iná ò bá sì sí nílé ẹ gbọ́dọ̀ wá pawabáńkì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti gbà fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, gbogbo wa la mọ bí dátà ṣe ń jóná. Òru ni mo máa ń gbé ti èmi sókè, látàárín agogo méjìlá sí márùn-ún, mo máa gbé fóònù sójú fèrèsé, mo máa sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe, kẹ́ ẹ tó kí ẹnikẹ́ni, ẹ lọ sí Data and Storage nínú sètíǹgì, ẹ pa gbogbo auto-download. Àǹtí mi kan ò pa á, fídíò ń wọlé fúnra wọn, dátà tí wọ́n ní kó lo oṣù kan tán láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n bínú jáde nínú grúùpù, ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó bẹ̀ wọ́n padà.

Nǹkan míì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe àwòrán nìkan ló ń lọ, ọjọ́ àti wákàtí tẹ́ ẹ yà á wà nínú ẹ̀, tí location bá wà ní ṣíṣí lórí kámẹ́rà yín, ibi tẹ́ ẹ dúró sí gan-an wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ìdílé, mo fẹ́ràn ẹ̀, torí lógún ọdún sí i àwọn ọmọ wa ò ní máa jà pé ọdún wo ni wọ́n ya eléyìí. Àmọ́ ẹ má fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ síbi tí àwọn tẹ́ ẹ ò mọ̀ wà o, pàápàá fọ́tò tẹ́ ẹ yà nínú ilé yín, pàápàá ti ọmọdé. Bí wọ́n ṣe ń jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà wa yìí, kò yẹ ká máa fọwọ́ ara wa júwe ilé fún wọn.

Ìpamọ́ náà wà níbẹ̀ tí mi ò ní bò mọ́lẹ̀. Láti 2016 ni WhatsApp ti ń ti gbogbo ọ̀rọ̀ pa láàárín ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á, ti Telegram ò rí bẹ́ẹ̀, àyàfi secret chat tó jẹ́ ti èèyàn méjì, ti grúùpù ò ní irú títì bẹ́ẹ̀, orí sáfà wọn ló wà, ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Fọ́tò ìsìnkú àti ìgbéyàwó, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ìwé ilẹ̀, ìwé báńkì, àbájáde àyẹ̀wò ọsibítù, mi ò ní gbé e síbẹ̀ láéláé. Nígbà tí wọ́n mú Pavel Durov, ẹni tó dá Telegram sílẹ̀, ní Faransé lóṣù kẹjọ ọdún 2024, mo gbọ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé wọ́n máa ti gbogbo ẹ̀ pa, wọn ò tì í, àmọ́ ó kọ́ mi pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ ní àpótí kan ṣoṣo. Gbogbo ohun tó wà nínú grúùpù wa ló wà lórí hard disk nínú dùrọ́ọ̀ máṣíìnì mi, òmíràn wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́kọ́ja. Alákòóso grúùpù náà, a jẹ́ mẹ́rin, ẹ má jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹnì kan, nǹkan lè ṣẹlẹ̀ sẹ́ni yẹn.

Àwọn gbájúẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ lọ sí Privacy, ẹ fi nọ́ńbà yín pamọ́, ẹ sì ṣe é kó jẹ́ àwọn tẹ́ ẹ mọ̀ nìkan ló lè fà yín wọ grúùpù. Látìgbà tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ mo ti sinmi.

Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ kan tó kọ́kọ́ fẹ́ dá gbogbo ẹ̀ dúró. Apá ibì kan wà nínú ètò ìsìnkú yẹn tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ọmọ kan yà á. Kò gbé e sí gbangba, àmọ́ wọ́n gbọ́. Bàbá kan pè mí, wọ́n ò pariwo, wọ́n ní, ọmọ mi, ohun tí ojú kan rí níbẹ̀ kò yẹ kí gbogbo ojú rí i, ṣé o lè fi dá mi lójú pé kò ní jáde nínú ohun tẹ́ ẹ ṣe yìí? Mi ò lè fi dá wọn lójú. Mo jẹ́ kí ọmọ yẹn pa á rẹ́ níwájú wọn, láti orí fóònù ẹ̀ àti nínú àkójọ àwọn tó ti pa rẹ́. Ohun tó kù, a tan ètò kan tó wà nínú sètíǹgì grúùpù tí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọ́wọ́ọ̀dù tàbí kó tọ́jú ohun tó wà níbẹ̀ sórí fóònù, ìparí 2021 ni Telegram gbé e dé. Mo ṣàlàyé fún Bàbá yẹn pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi ṣì lè fi fóònù míì ya ojú fóònù àkọ́kọ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀, pé ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ láàárín onítọ̀hún àti àwọn tó kú. Lẹ́yìn náà, tí ẹnì kan bá fẹ́ fọ́tò kan láti tẹ̀, alákòóso kan ló ń fún un. Ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ráhùn.

Ẹ lè ní Google Photos ń kọ́? Mo lò ó. Línkì ni ẹ máa fún èèyàn, á ṣí i, ó rọrùn fún àwọn tó wà lókè òkun, ó sì ń bá èèyàn to fọ́tò ní ọjọ́ ọjọ́. Àmọ́ láti oṣù kẹfà ọdún 2021, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá gbé síbẹ̀ ló ń jẹ nínú 15GB tó jẹ́ ti Gmail àti Drive yín pọ̀, ìsìnkú kan péré ti tó láti fi kún un. Ó dáa fún ẹni tó lè máa sanwó lóṣooṣù. Àwa ò lè gbé irú owó bẹ́ẹ̀ lé ẹnì kan lórí.

Tí mo bá ní kí n fún Telegram ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Mo yọ ọ̀kan torí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ yẹn, mo yọ ọ̀kan torí pé kí ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tó lè rí ibi tí File wà, wàhálà ni, wọ́n gbé e pamọ́ jù.

Ìyá mi ò ní fóònù ńlá. Onítọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n ń lò, wọn ò sì fẹ́ òmíràn. Nígbà tá a ti rí ojúlówó gbogbo ẹ̀ kó jọ, mo padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ń tẹ fọ́tò, ó tẹ ti aṣọ ìpò yẹn gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó gùn tó apá mi. Mo gbé e lọ fún wọn nílé lọ́jọ́ ọjà. Wọn ò kọ́kọ́ wo ojú ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Wọ́n gbé e lọ síta síbi tí oòrùn wà, wọ́n fi ìka tọ́ ilà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n dúró síbì kan, wọ́n ní ẹ wo ibí, ibí ni òwú ti já mọ́ ọn lọ́wọ́ tó fi tún un so. Mo sún mọ́ ọn, mo wò ó, kókó kékeré kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí orí abẹ́rẹ́. Mo ti wo fọ́tò yẹn ju ìgbà ogún lọ, mi ò rí i.

Ní báyìí àwọn fọ́tò àtijọ́ ni mo ń wá, dúdú àti funfun, àwọn tí wọ́n lu òǹtẹ̀ Kwara State sẹ́yìn wọn, kí wọ́n tó yọ Kogí jáde lọ́dún 1991. Ẹ̀yin ọmọ Búnú àti Owé, ìyẹn ará Kàbà, tẹ́ ẹ bá ní irú ẹ̀ nínú àpótí ìyá yín, ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ẹ má lo fláàṣì torí á tàn lójú fọ́tò, ẹ yà á tààrà láti òkè, ẹ ya ẹ̀yìn ẹ̀ pẹ̀lú, ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ìdílé yín bíi File.